Òòyà ìyá àgbà kò sí nínú wíìlì

Lọ́jọ́ tí a pín ẹrù ìyá àgbà wa, èmi ni wọ́n ní kí n mú bírò. Wọ́n ní èmi ni mo kàwé òfin, kí n máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́: ilé oníyàrá mẹ́rin, ilẹ̀ kan lọ́nà oko, aṣọ òfì méjì, yẹtí wúrà, ẹ̀rọ ìránṣọ. Lórí yẹtí yẹn nìkan, ó ku díẹ̀ kí àwọn àǹtí mi méjì na ara wọn. Nígbà tí wọ́n parí, ẹ̀gbọ́n màmá mi bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ mú?" Mo ní òòyà wọn ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ kúkú ni, mi ò tíì rí wíìlì tí wọ́n kọ òòyà sí rí.

Òòyà onígi ni. Eyín márùn-ún ló ní tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ti kán kí wọ́n tó bí mi. Ìrù rẹ̀ gùn, ó sì mú ṣóńṣó, torí òun ni ìyá àgbà fi ń la irun kí wọ́n tó dì í. Àdín ti mu ún títí tó fi dúdú, tó ń dán bí ẹni pé wọ́n kùn ún. Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́jà, kò sẹ́ni tó máa fún yín ní 200 náírà lórí ẹ̀. Èmi ò ní tà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ìyá àgbà á gbé àpótí síta, èmi á jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣùkú, ọ̀sẹ̀ kejì ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, nígbà míì òwú dúdú ni wọ́n á fi kó o. Ó máa ń dùn mí wọ eegun. Bí mo bá mi orí pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fi ẹ̀yìn òòyà kàn mí lórí, kó! "Jókòó jẹ́ẹ́." Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ta lo bá jẹun nílé ìwé? Kí ni tíṣà kọ́ yín? Kí ló dé tí o ò rẹ́rìn-ín láti ìjẹta?

Ohun kan wà nínú ìjókòó yẹn tí mi ò tètè mọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń dirí fún kì í dojú kọ ẹni tó ń dì í. Ẹ sì mọ̀ pé nílé Yorùbá, ọmọ kì í wo àgbà lójú kòrókòró sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kẹ̀yìn sí ẹ, tí ọwọ́ ẹ wà lórí ẹ̀, tó jẹ́ pé ògiri àti adìẹ nìkan ló ń wò níwájú, ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde lójúkojú á rọra yọ́ jáde.

Bí tèmi ṣe jáde nìyẹn. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Tíṣà kan tó ń wá kọ́ wa nílé lẹ́yìn ilé ìwé ti ń fọwọ́ kàn mí níbi tí kò yẹ. Ó ti tó oṣù kan, mi ò sọ fún màmá mi, mi ò sọ fún bàbá mi. Àárín orúnkún ìyá àgbà ni mo ti sọ ọ́, tí mo ń wo ilẹ̀. Òòyà dúró lórí mi. Wọn ò pariwo, wọn ò bi mí pé kí ni mo ṣe fún un. Wọ́n di èyí tó kù tán, wọ́n ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Wọ́n wé gèlè, wọ́n jáde. Tíṣà yẹn ò wọ ilé wa mọ́. Bó bá jẹ́ lónìí ni, màá ní ká gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá, kó má baà lọ bá ọmọ ẹlòmíì.

Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo ka Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, mo ka èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n òfin ò ní etí tó lè fi gbọ́ ohun tí ọmọ ò sọ. Kí ọlọ́pàá tó kọ nǹkan sílẹ̀, kí adájọ́ tó jókòó, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹnì kan sọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òòyà wà.

Láyé àtijọ́, àwọn tó ń pàrokò ò fojú ire wo òòyà. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹ, ọkàn ẹni náà fà sí ẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ òòyà ni, ìyapa dé, torí pé òòyà ń yà. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: irun gbọ́dọ̀ yà kí ọwọ́ tó lè dì í pọ̀. Olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì yà á títí tó fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn èèyàn ń wo irun tó rẹwà. Èmi, ibi tí onídìrí jókòó sí ni mo máa ń rò.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Ta ló ráyè?" Òótọ́ ni. Ìyá tó ń jáde ní Ìkòròdú láago márùn-ún ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kó wọlé títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ta ló máa ní kó jókòó máa di ṣùkú? Ilé ìwé míì tiẹ̀ ní kí àwọn ọmọbìnrin gé irun wọn mọ́lẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, wíìgì ni mò ń dé jáde. Mi ò bú wíìgì, mi ò bú ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe irun, wákàtí yẹn ni.

Bàbá náà lè ṣe é, ọmọkùnrin náà sì nílò ẹ̀. Ẹ gé èékánná ọmọ yín, ẹ jọ kun bàtà ilé ìwé nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Kí ọwọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, kí fóònù wà ní yàrá. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ọmọ bá sọ ohun tó le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé kí ló wá lọ síbẹ̀.

Òòyà ti wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní Sọ́ńdè. Mi ò mọ irun dì tó ìyá àgbà, ìlà mi máa ń wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti dì í dé ìdajì orí, ló bá ní, "Àǹtí, ṣé mo lè sọ nǹkan kan fún yín?" Àyà mi já. Mo gbé òòyà kúrò lórí ẹ̀, mo ní kó sọ ọ́. Pẹ́ńsùlù ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló sọnù sí i lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ń bà á. Ohun kékeré ni. Mo gbọ́ ọ délẹ̀, mi ò já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bí èyí tó tóbi bá dé lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kó mọ ibi tó máa jókòó sí.