Ẹ Tọ́jú Ìwé Iṣẹ́ Abẹ Yín

Ọ̀rọ̀ ìju ni a fẹ́ sọ lónìí, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní fibrome.

Ìju kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe oyún tí ayé dì. Ẹran iṣan ilé ọmọ ni ó ń ta kókó. Ó wọ́pọ̀: ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé nínú 100 obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ó ju 80 lọ tí yóò ti ní in kí wọ́n tó pé ẹni 50 ọdún.

Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n, tí í kúrò nílé ọmọ lọ sí ibòmíràn. Ní 1939, dókítà Steiner ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn obìnrin kan tí a bá irú kókó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A ti rí àwọn mìíràn láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú wọn sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìju ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí ìyá kan bá ń wúkọ́, tí fọ́tò àyà rẹ̀ sì fi kókó hàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ ni ọkàn yóò kọ́kọ́ lọ sí. Bí ìtìjú kò bá jẹ́ kí ó sọ pé wọ́n ti yọ ìju fún òun rí, ta ni yóò ronú kàn án? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Dókítà yóò gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, yóò sì fi í wé èyí tí a yọ níjọ́sí. Òòmóònù obìnrin ni ó ń bọ́ ọ. Nítorí náà, oògùn tí ń dá òòmóònù náà dúró, tàbí yíyọ ilé ẹyin, lè mú kí ó súnkì. A lè gé e kúrò. Fún ẹlòmíràn, kí dókítà máa ṣọ́ ọ ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìju, ìbáà ṣe ní Papané tàbí ní Parakou, ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Ẹ fi í sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ìbí àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ mọ ibi tí ó wà. Ọjọ́ kan lè dé tí ìwé náà yóò gba ẹ̀mí là.