Ẹ Jẹ́ Ká Dáwó fún Oòrùn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ regbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wa ní Ìjẹ̀bú,

Mo kí yín láti Brixton ní London. Ẹ kú ìrọ́jú owó epo.

Ọ̀rọ̀ epo yìí gan-an ló mú mi kọ̀wé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, inú jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń ta mínírà ń wọ̀. Bí kò bá tan ẹ̀rọ, mínírà á lọ́ wọ́ọ́rọ́, oníbàárà á kọjá. Bó bá sì tàn án, epo á jẹ èrè tán.

Ọ̀rọ̀ epo kì í ṣe ti owó nìkan, ó kan ojú ọjọ́ náà. Mi ò sọ pé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín ló bà á jẹ́ o. Àwọn tí mò ń gbé láàárín wọn níbí ti ń jó èédú láti ayébáyé. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ mànàmáná elédùú wọn tó gbẹ̀yìn pa. Àmọ́ ìyà rẹ̀ kò mọ ẹni tó ṣẹ̀. Lóṣù Keje ọdún 2022, ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ìwọ̀n 40 fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, òkun ń gbé ilé àwọn ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ lọ.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà. Ní Loughborough Estate ládùúgbò wa níbí, tó jẹ́ ilé alájà tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ fún mẹ̀kúnnù, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan to sólà tó ń fi oòrùn ṣe iná sórí òrùlé lọ́dún 2012. Wọ́n ta ìpín, ará àdúgbò rà, ará ìta náà rà. Èrè ń padà sọ́wọ́ àwọn tó nípìn-ín, apá kan sì ń wọ àpò tí wọ́n fi ń mú kí owó iná àwọn ará ilé fúyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbowó.

Ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Gbamu-Gbamu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tiwa níbẹ̀, ti ní sólà kílówáàtì 85 tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún abúlé náà níná lọ́dún 2018. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 náà sì ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tiwọn.

Ẹ wá wo àwa. Bí ọdún Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́lé, kò sí regbérégbé tí kì í dáwó: aṣọ ẹgbẹ́, fìlà, bàtà, onílù. Mi ò ní ká má ra aṣọ; ta ni yóò gbà fún mi? Ká yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ ni, ká fi to sólà sórí ìlà ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jà: télọ̀, onígbàjámọ̀, àtàwọn tó ń ta mínírà. Kí wọ́n máa san owó iná tí kò tó owó epo, kó máa wọ àpò ẹgbẹ́.

Àléébù kan wà o: bátìrì máa ń gbó. Ẹ wo iye iná sólà ojú títì tó ti kú láìsí ẹni tó bojú wò ó. Látoṣù àkọ́kọ́ ni ká ti máa fi owó bátìrì tuntun pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án.

Kí akápò jọ̀wọ́ bi oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan léèrè iye tó ń fi ra epo lóṣù, kó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀. Bí iye náà bá ti délẹ̀, àwa tó wà níbí á sọ iye tí a lè dá.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín ní Brixton