Fáàrí

Ọmọ kíláàsì mi kan ní Ewékorò bi mí pé: "Tíṣà, níbo ni 'fáàrí' ti wá?" Lárúbáwá ń pe ìyangàn ní fakhr, Haúsá gbà á, ó di alfahari, lẹ́nu tiwa, ó di fáàrí.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀ṣọ́ kì í ṣe fáàrí. Ẹni tí ó fowó ara rẹ̀ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ọ̀ṣọ́ ló ṣe. Ẹni tí ó yáwó ra aṣọ ẹbí, tí kò rí owó ilé-ìwé ọmọ san, fáàrí nìyẹn.

Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ. Láyé àtijọ́, àní ọmọ onígbèsè lè di ìwọ̀fà lóko náà. Lónìí, ìwé ni ọmọ ń pàdánù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro tọmọ.