Ta Ló Gbé Báàgì Fún Lyle?

Ẹni tó bá gbéra ní Ùgbè ní Àkókó tó ń lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, á gba Ìkàré, á gba Àkùngbá, á kọjá Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́ kó tó yà sọ́nà Ìlárá. Ibẹ̀ ni pápá gọ́ọ̀fù Smokin Hills wà, oníhò 18, tí Olóyè Michael Adé Òjó, oníṣòwò mọ́tò tó dá Elizade sílẹ̀, ṣe sí ìlú abínibí rẹ̀. Ó wú mi lórí pé ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ṣe é, ilé ló sì ṣe é sí.

Gọ́ọ̀fù kò bẹ̀rẹ̀ báyìí nílẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé e dé, ara wọn ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Ikoyi Club 1938 lónìí, European Club ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kó tó dà pọ̀ mọ́ Lagos Golf Club. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ European yẹn ti mọ ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Síbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí wà lórí pápá láti àárọ̀ dalẹ́. Òun ló ń gé kóríko, òun ló ń ru báàgì, òun ló ń wá bọ́ọ̀lù tó bá wọgbó. Kádì ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹrù rírù lọ. Láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe kóríko ló yí ihò ká ní ọ̀pọ̀ pápá Nàìjíríà. Iyanrìn ni, tí wọ́n po epo mọ́ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Bráùn ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á bàjẹ́, ẹnì kan á sì ní láti fa nǹkan lé e lórí kó tún tẹ́jú kí ẹlòmíràn tó gbá tirẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ́ iyanrìn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ á mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa yà sí ju ẹni tó ni ọ̀pá lọ.

Lọ́dún 1978, ọmọ Scotland kan, Sandy Lyle, wá díje níbi Nigerian Open, ìdíje tó ti wà láti 1969. Ọmọ ogún ọdún ni. Ìgbà 61 péré ló gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì gba ìdíje náà. Ìyẹn ni ife àkọ́kọ́ tó gbà lẹ́yìn tó sọ gọ́ọ̀fù diṣẹ́. Nígbà tó yá, ó gba Open Championship ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 àti Masters ti Amẹ́ríkà ní 1988. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Ta ló gbé báàgì fún un lọ́sẹ̀ náà? Ta ló tẹ́ iyanrìn tó gbá bọ́ọ̀lù lé?

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Orúkọ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ló ń wà lára pátákó nínú ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù. Bẹ́ẹ̀, lára àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà, púpọ̀ ló ti ìdí báàgì bẹ̀rẹ̀; igi lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá bá ti lọlé. Ìtàn tí kò bá dárúkọ wọn, ààbọ̀ ìtàn ni.

Mo ń bẹ àwọn tó ń ṣàkóso Smokin Hills: pápá yín ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ máa kọ orúkọ àwọn kádì àti àwọn agékóríko sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, ẹ sì fi pátákó tiwọn kọ́ ògiri.

Ẹ̀yin ará Àkókó náà, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló wáṣẹ́ lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Bí tiyín bá ṣiṣẹ́ lórí pápá gọ́ọ̀fù rí, ẹ jókòó tì í, kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, iye tí wọ́n ń san fún un àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ru báàgì. Kádì tó jẹ́ ẹgbẹ́ Lyle lọ́dún náà ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.