Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Bọ́ọ̀lù Wọ Abẹ́ Òrùlé ní Ìbàfọ̀

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá mọ́ńkí póòsì nírọ̀lẹ́: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwé yìí gbé wá. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kún Ìbàfọ̀, wọ́n kún Mowe, wọ́n kún Ìfọ̀. Síbẹ̀ a ò tíì ní ẹgbẹ́ tí tọmọdé tàgbà ń sanwó wò lẹ́sẹ̀ ilé, tí ìyá aláta máa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Àwa ńkọ́, ṣé a borí?" Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù tó ní òrùlé, níbi tí agbábọ́ọ̀lù márùn-ún máa ti kojú márùn-ún, pẹ̀lú líìgì tó ń sanwó iṣẹ́ fún àwọn tó ń gbá a, láti Ìbàfọ̀ dé Mowe, kó sì kan Ìfọ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ènìyàn wa kì í sanwó wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà Mowe sí Ọ̀fàdà lọ́sàn-án Sátidé. Ooru ń mú, bẹ́ǹṣì le, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin ń to owó lé ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé wo Arsenal tàbí Chelsea nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Kí ló ń fà wọ́n? Wọ́n mọ aago tí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀, kì í yẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ẹni tó farapa àti ẹni tí kóòṣì bínú sí. Wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n máa bá jiyàn títí di Sátidé tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù ilé wa kò fún wọn ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n á ní aago mẹ́rin ni, á di aago márùn-ún. Òjò á dé, wọ́n á sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó jẹ góòlù. Èmi ò dá àwọn olólùfẹ́ lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ MFM FC, torí ọ̀rọ̀ tiwọn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Prayer City, ìlú àdúrà ìjọ Mountain of Fire and Miracles tó ni ẹgbẹ́ náà, wà ní Ìbàfọ̀ níbí. Ní 2017 ẹgbẹ́ yìí ṣe ipò kejì ní líìgì àgbà Nàìjíríà. Plateau United nìkan ló ṣáájú wọn. Ní 2018 wọ́n kópa nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Stephen Odey, tó ń jẹ góòlù fún wọn, gba ibẹ̀ lọ sí FC Zürich ní Switzerland. Ṣùgbọ́n pápá Agége ni wọ́n ti ń gba àlejò. Ọmọ Ìbàfọ̀ tó bá fẹ́ fojú rí wọn ní láti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ kọjá, kó wọ Èkó, kó sì tún bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà padà lóru. Ta ló máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ní 2022 ẹgbẹ́ náà já kúrò ní líìgì àgbà. Ó dùn mí pé ẹgbẹ́ tó bá wa tan tó bẹ́ẹ̀ gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀, púpọ̀ nínú wa kò sì rí wọn lójúkojú rí. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹgbẹ́ náà. Pápá ńlá tó bá òfin líìgì àgbà mu, tó ní koríko tó dára, iná àti àga, owó gọbọi ló ń ná, Ìbàfọ̀ kò sì ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn kékeré.

Ẹ wo Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹrin 2025, Remo Stars gba ife líìgì àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́, Daniel Ogunmodede ni kóòṣì wọn. Pápá wọn wà nínú ìlú tí wọ́n ń ṣojú fún. Ẹ tún rántí Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Wọn ò sí mọ́ lónìí, torí àpò olówó kan ni ẹgbẹ́ náà gbẹ́kẹ̀ lé. Mo bọ̀wọ̀ fún Olóyè Abíọ́lá tó ni ẹgbẹ́ náà, ohun tó ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá fún Ìbàfọ̀ ni ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gbé ró, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí baba ìsàlẹ̀ bá mí kanlẹ̀ ni ohun gbogbo parí.

Kí ló dé tí mo fi ní abẹ́ òrùlé? Òjò ni àkọ́kọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹrẹ̀ àdúgbò wa máa ń dà láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gbé níbí ń jí lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin ọjọ́rú kò wúlò fún wọn. Ti aago mẹ́jọ alẹ́ Fúráìdè, lábẹ́ iná, ni wọ́n lè wò. Ilẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ ti di ẹ́sítéètì. A ò lè rí ilẹ̀ pápá ńlá mọ́, ṣùgbọ́n mítà 40 lóòró àti 20 níbùú ti tó fún pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-márùn-ún. Pulọ́ọ̀tì wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120. Mẹ́ta tó fara kanra máa gba pápá náà, á sì ṣẹ́ ku bíi mítà méje sí mẹ́jọ yí i ká fún àga. Pulọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ni mo ń sọ.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni-márùn-ún yìí fúnra rẹ̀ dùn wò. Juan Carlos Ceriani, olùkọ́ kan ní Montevideo ní Uruguay, ló gbé e kalẹ̀ ní 1930. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré díẹ̀, kì í fò púpọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni ìdajì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń dá aago dúró nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde, kò sí pé ẹnì kan ń dùbúlẹ̀ fi àkókò ṣòfò. Bí ẹgbẹ́ kan bá ṣẹ fáùlù márùn-ún tán ní ìdajì kan, láti ìkẹfà ni alátakò máa ń gbá bọ́ọ̀lù náà láìsí ògiri ènìyàn níwájú. Ẹni tó ti gbá mọ́ńkí póòsì rí yóò mọ̀ pé eré wa nìyí, tí a fi òfin sí. Nídìí rẹ̀ ni Ronaldinho àti Neymar ti kọ́ ẹsẹ̀ ní Bràsíìlì. Mòrókò fọwọ́ pàtàkì mú un, wọ́n sì gba ife Áfíríkà rẹ̀ ní 2016, 2020 àti 2024. Olùwòran súnmọ́ agbábọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ tí yóò gbọ́ ohun tí aṣọ́lé ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbo ìjàkadì ṣe rí láyé àwọn baba wa: àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fi ìlù tẹ̀lé akọni tirẹ̀, wọ́n sì rọ̀gbà yí wọn ká.

Ẹ̀kọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Líìgì bọ́ọ̀lù inú ilé tí wọ́n ń pè ní MISL bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1978. Iná aláràbarà, orin, agbábọ́ọ̀lù tó dúró lẹ́yìn eré láti kí àwọn ọmọdé: gbogbo ìyẹn kó èrò wọlé. Ṣùgbọ́n ìnáwó àwọn ẹgbẹ́ ń ju owó tó ń wọlé lọ, líìgì náà sì kú ní 1992. Milwaukee Wave, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù inú ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, tó ń gbá ní líìgì mìíràn, kò kú ní tirẹ̀, ó ṣì wà dòní. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ ra agbábọ́ọ̀lù olórúkọ. Ká kọ́kọ́ ní olùwòran, kí owó iṣẹ́ sì máa tẹ̀lé iye èrò tó wọlé.

Báwo la ṣe máa ní wọn? Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ orúkọ àdúgbò rẹ̀, kí ìdajì agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ó kéré tán, máa gbé níbẹ̀. Kí akéde gbọ̀ngàn máa sọ Yorùbá tó já gaara, kí àwọn onílù wa wà níbẹ̀ tí wọ́n á máa ki ẹni tó bá jẹ góòlù. Ọmọ iléèwé tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wá pẹ̀lú òbí kò gbọdọ̀ sanwó, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá mú ẹgbẹ́ kan ní tirẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Kí eré àwọn ọmọbìnrin máa ṣáájú ti àwọn ọkùnrin lálẹ́ kan náà, ní tikẹ́ẹ̀tì kan náà: Rasheedat Ajibade tó dàgbà sí Mushin ni balógun Super Falcons tó gba ife Áfíríkà ní 2025, ẹnikẹ́ni kò sì mọ irú rẹ̀ tó wà ní Ìfọ̀. Kí a má fi eré sí Fúráìdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí ọkọ̀ àwọn olùjọsìn tó ń lọ sí Redemption City bá dí ojú ọ̀nà. Àwọn onílé ìwòran bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀tá wa. Kí wọ́n máa bá wa ta tikẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì gba èrè tiwọn níbẹ̀. Èyí tí mi ò fẹ́ rí nínú gbọ̀ngàn náà ni ìsọ̀ tẹ́tẹ́. Ó ti gba owó púpọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Àwọn kan á béèrè owó rẹ̀. Ká má dúró de odindi gbọ̀ngàn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé fi ilẹ̀ sílẹ̀, ká rọ kọnkéré rẹ̀, ká ri òpó, ká fa iná sí i, ká bẹ̀rẹ̀ líìgì lọ́gbẹlẹ̀, kí òrùlé sì tẹ̀lé e. Àwọn alátìlẹyìn tó ń dáwó lóṣooṣù gbọ́dọ̀ ní àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, kí wọ́n sì máa rí ìwé ìṣirò owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí: ní ìpàdé onílé àdúgbò yín tó ń bọ̀, ẹ dìde, ẹ béèrè pulọ́ọ̀tì mẹ́ta tó ṣẹ́ kù fún gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí ẹ sì gbé e lọ fún káńsẹ́lọ̀ yín kí wọ́n tó tà á.