Kí Igbó Wá Bá Wa Nílé: Ìkéde Àwa Àkàndá Ẹ̀dá Gúúsù Èkìtì

Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré, ẹsẹ̀ àti ojú lèèyàn fi ń wá ìgbín. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dá lóru, ẹni tó lẹ́sẹ̀ á gbé àtùpà, á wọ oko kòkó lọ, á máa ṣa ìgbín sínú agbọ̀n. Ọ̀yà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: tajá tìbọn ni ọdẹ fi ń lé e. Àwa tí rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀, àwa tí ojú wa kò ríran, àwa àfín tí oòrùn ń jó láwọ̀, ẹnu ọ̀nà la ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ rere, kí wọ́n bọ̀ rere. Ìgbà tí wọ́n bá dé, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n á bù fún wa. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí a kò bá lè lọ sígbó, kí igbó wá bá wa nílé.

Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ìjọba àti ẹgbẹ́ aláàánú kọ́ wa bí a ṣe ń sin ẹran kéékèèké tí kò gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ, tí kò sì fẹ́ kéèyàn sáré tẹ̀ lé e: ìgbín, ehoro, àparò, àti ọ̀yà fún ẹni tó bá lágbára rẹ̀. Kí ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀. Kí ẹran náà sì jẹ́ tiwa.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kúrò ní Áfíríkà. A bá wọn yọ̀. Àmọ́ àwa tó ti mú kó tó lọ kò bá a lọ. A ṣì wà, a ń jẹun, a ń bímọ, a ń san owó ilé-ìwé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún wa, àwọn èèyàn ńlá a kó ìrẹsì àti kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bá tiwọn lọ. A dúpẹ́ kẹ̀kẹ́ o. Ìrẹsì ni kì í pẹ́ tán.

Òfin kò gbàgbé wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ àkàndá ẹ̀dá tàbí kó tì í sẹ́yìn ní Nàìjíríà. Òfin náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi 5 nínú 100 iṣẹ́ sílẹ̀ fún wa, ó kéré tán. Ó tún fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́ á fi wọlé. Oṣù Kìíní 2024 ni ọdún 5 ọ̀hún pé. Kí olúkálùkù wo ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tó sún mọ́ ọn, kó fúnra rẹ̀ dájọ́. Ṣùgbọ́n oko àti ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní gúúsù Èkìtì fi ń jẹun, kì í ṣe ọ́fíìsì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ 5 nínú 100 yẹn nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú. Níbikíbi tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ aláàánú bá ti ń kọ́ 100 èèyàn ní ọ̀sìn, kí 5 jẹ́ tiwa, kí wọ́n má sì tò wá sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí adití kò ti ní rí ọwọ́ ògbufọ̀, tí afọ́jú kò sì ní gbọ́ ohùn olùkọ́.

Ìgbín la ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni òrìṣà ni wá: Ọbàtálá ló mọ àfín, òun ló mọ abuké àti arọ, ìgbín sì ni oúnjẹ rẹ̀. (Ẹni tí ìgbín bá jẹ́ èèwọ̀ ilé rẹ̀, ehoro ń bẹ níwájú, kò sí ìjà.) Ká tilẹ̀ fi ti òrìṣà sílẹ̀, ìgbín kì í sá, kì í ta ni, kì í gé ni jẹ. Àpótí pákó tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò, tàbí táyà ọkọ̀ tí a tò lérí ara wọn lábẹ́ igi, ti tó fún un. Ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò máa jẹ. Èèpo ẹyin tí a gún kúnná ni yóò fi kọ́ ìkarahun. Òru ló ń jẹun. Àtùpà wo wá ni afọ́jú ń wá? Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé ilẹ̀ ti gbẹ, pé ìkarahun yìí ti fúyẹ́ jù, pé ẹyin wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Imú rẹ̀ á sì bá a mọ èyí tó ti kú. Àfín náà ríṣẹ́ tí kò ní í gbé e sí oòrùn, nítorí ibi tútù àti àṣálẹ́ ni iṣẹ́ ìgbín.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn wá. Ẹyin ìgbín ńlá igbó wa tó bí oṣù kan kó tó pa, ọmọ rẹ̀ sì lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tó tà. Bí ìjàlọ bá wọlé lóru kan ṣoṣo, ó parí. Iyọ̀ ń pa á. Ewé tí wọ́n fọ́n oògùn kòkó sí ń pa á. Lásìkò ọyẹ́, bí a kò bá bomi rin ilẹ̀ rẹ̀, á ti ara rẹ̀ mọ́nú ìkarahun, kò ní í jẹ, kò ní í dàgbà. Ẹni tó bá wá sọ fún wa pé ìgbín á sọ wá dolówó ní oṣù 3, kó kọjá sí iwájú.

Ehoro ló tún kàn. Kì í sábà ké, nítorí náà adití kò pàdánù ohun kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó sọ pé orí ilẹ̀ ni àgọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà: kí káfíńtà kọ́kọ́ wọn ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kó jẹ́ kí ìlẹ̀kùn àgọ́ bá ìgunpá rẹ̀ dọ́gba. Ọjọ́ 31 ni oyún ehoro. Ẹni tí kò bá gbé àpótí ìbímọ sí i ní nǹkan bí ọjọ́ 28, orí wáyà ni ehoro rẹ̀ máa bímọ sí, àwọn ọmọ á sì kú. Afọ́jú lè ta kókó 31 sórí okùn, kó máa tú ọ̀kan láràárọ̀.

Ọ̀yà kì í ṣe ẹran àkọ́bẹ̀rẹ̀. Eyín rẹ̀ mú, oyún rẹ̀ tó oṣù 5, èèsún ni a ó sì máa gé fún un lójoojúmọ́. Ẹni tí ọmọ tàbí aya kò bá lè bá gé koríko kó má dáwọ́ lé e. A kò sọ èyí láti fi ẹnu tẹ́ ara wa. Ẹ̀kọ́ tí kò bá sọ òótọ́ nípa ara wa á kó wa sí gbèsè ni.

Ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, Fadá Godfrey Nzamujo dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhai sílẹ̀ ní 1985, ọ̀yà sì wà lára ohun tí wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ń gbé pẹ̀lú iṣẹ́ náà ni. Nítorí náà a kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì inú òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á fi àwòrán ìgbín hàn lára ògiri, tí wọ́n á pín ìwé-ẹ̀rí àti ìpápánu. Kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin, kó parí sọ́jà. Kí ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn olùkọ́ jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ìkẹ́rẹ́ ní ilé-ìwé àwọn afọ́jú, ó tún ní Yunifásítì Bamidele Olumilua. A fẹ́ kí ọmọ tó ń ka bíréèlì ní ti àkọ́kọ́ lè wọ oko ọ̀sìn èkejì, kó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní bíréèlì.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù láàárín ẹbí, a ó sì sọ ọ́. Àbúrò tó bá wa gbé ehoro lọ sọ́jà, a ó fún un lówó ọkọ̀, a ó kí i kú iṣẹ́. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun nìkan ló mọ iye tó tà á. Orúkọ ẹni tó sin ẹran ni yóò wà nínú ìwé báńkì, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin, tí wọ́n sábà máa ń fi ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n gba nǹkan fún.

Kí òjò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀rún àti Ẹmùré yan ilẹ̀ fún wa níbi tó níbòòji, tó súnmọ́ omi, tí kẹ̀kẹ́ lè dé lásìkò ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kó mú ìgbín tó ti ń yé wá, kó mú pákó àti nẹ́ẹ̀tì, kó sì dá ọjọ́ tí yóò padà wá bẹ̀ wá wò lẹ́yìn oṣù 6. Kámẹ́rà rẹ̀, kó ṣì fi sílé títí a ó fi ta èyí àkọ́kọ́.