Ẹ Má Fi Ọjọ́ Ìfilọ́lẹ̀ Ọjà Yín Lé Fóònù Lọ́wọ́

Bí alága ilé iṣẹ́ bá ti dìde láti ká aṣọ kúrò lójú ọjà tuntun, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń na fóònù sókè. Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ béèrè fídíò tí ilé iṣẹ́ náà lè fi han báńkì tó fẹ́ yá a lówó, tàbí èyí tí yóò fi wá alágbàtà ní Kánò. Wọ́n á ní ó wà lórí WhatsApp. Ẹ ṣí i wò: ìpàkọ́ àwọn tó jókòó níwájú ló gba ìdajì àwòrán, ẹ̀rọ amúlétutù ń hó, ẹnì kan ń béèrè bóyá wọ́n ti ń pín oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tí alága ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá kò sì ṣeé gbọ́.

Kì í ṣe pé kò sówó. A ó san owó gbọ̀ngàn, a ó san owó oúnjẹ àti owó MC, a ó tẹ bánà tó ga ju ènìyàn lọ. Tó bá wá kan fídíò, a ó ní, “Àbúrò mi ní iPhone.”

Mo mọ ohun tí àwọn olùfẹ́ fóònù yóò sọ. Wọ́n á rán wa létí pé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Apple fi iPhone 15 Pro Max ya ètò tí wọ́n fi ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tuntun wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Apple fúnra wọn tún gbé fídíò mìíràn jáde tó fi bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà hàn, ohun tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe fóònù lásán: kéréènì tó ń gbé fóònù lọ sókè sódò, iná ńláńlá, dróònù, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé fíìmù ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Olùdarí fíìmù Sean Baker náà fi iPhone 5s ya fíìmù Tangerine tó jáde ní 2015, ṣùgbọ́n ó so lẹ́ńsì mìíràn mọ́ fóònù yẹn, ohùn inú fíìmù náà kò sì ti inú fóònù wá. Ẹ̀rọ tí àwọn onífíìmù ń lò ni wọ́n fi gbà á. Ẹni tó bá ní irú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, kó máa lo fóònù rẹ̀ lọ. Àbúrò yín tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pẹ̀lú ike mínírà lọ́wọ́ kejì kò ní wọn.

Ìmọ́lẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́. Inú kámẹ́rà ni sẹ́ńsọ̀ wà, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Nínú kámẹ́rà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní full-frame, fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ jẹ́ mìlímítà 36, gíga rẹ̀ jẹ́ 24. Àwọn fóònù olówó ńlá díẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ ńlá ṣe kò ju bíi mìlímítà 13 sí 9 lọ. Ìyẹn ni pé ojú tí kámẹ́rà yẹn fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ju tiwọn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méje, ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lápò wa kò sì tó ìwọ̀n wọn. Bí wọ́n bá wá pa iná gbọ̀ngàn kí àwòrán ojú skíríìnì lè hàn dáadáa, fóònù á fi agídí mú àwòrán mọ́lẹ̀, á sì máa dán an láti bo àbùkù rẹ̀. Ojú alága á wá rí bí ojú ẹni tó kun àtíkè jù. Bí ẹ bá sì fi ìka fa àwòrán láti sún mọ́ orí pèpéle, lọ́pọ̀ ìgbà fífẹ̀ lẹ ń fẹ àwòrán kan náà, kò sóhun tuntun tó wọlé. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lẹ́ńsì mìlímítà 70-200 tí àwọn oníṣẹ́ ń gbé wá á mú ojú olùbánisọ̀rọ̀ wá ní kedere.

Ohùn ló yẹ kí a dúró lé lórí jù. Ènìyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́ tó, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi pa fídíò náà. Ohun tó sún mọ́ gbohùngbohùn inú fóònù ló kọ́kọ́ ń gbọ́: ikọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àga tí wọ́n ń wọ́, ìgò tó ń lu ìgò lórí àwo àwọn agbóúnjẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ á fa wáyà láti ara míkísà oní-sáúńdì wọ inú kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, á sì tún há máìkì kékeré mọ́ ọrùn aṣọ alága. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ń bẹ. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí oní-sáúńdì àti oní-fídíò ti ríra kí àlejò tó dé. Ní ọ̀pọ̀ òde wa, ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí ara wọn.

Fóònù tún ní ìdàmú tirẹ̀. Ìpè lè wọlé sí i láàárín ọ̀rọ̀. Ó lè gbóná kó pa ara rẹ̀. Fídíò 4K ìṣẹ́jú kan lórí iPhone tó MB 170. Ẹ fi ìyẹn gbé wákàtí méjì, ó ti ju GB 20 lọ, fóònù tó kún fún àwòrán ọjọ́ ìbí kò sì ní àyè yẹn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà oníṣẹ́ ló ń kọ fídíò sórí káàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan tó bàjẹ́ má bàa gbé gbogbo iṣẹ́ lọ.

Kámẹ́rà nìkan kò tó o. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n ń dáwọ́ dúró fúnra wọn ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 59. Owó orí tí ilẹ̀ Yúróòpù ń gbà lórí ẹ̀rọ fídíò nígbà kan ló jẹ́ kí àwọn tó ṣe wọ́n fi ààlà yẹn sí i, ọ̀pọ̀ irú wọn ló sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ wa. Ìpàdé àwọn onípìn-ín lè gba wákàtí mẹ́ta. Nítorí náà, kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ bi oní-fídíò pé báwo ni kámẹ́rà rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó, ibo ni yóò ti gba ohùn, kí ni yóò ṣe bí NEPA bá múná lọ. Ẹ ní kó fi fídíò ìpàdé kan hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe èyí tó gé sí ìṣẹ́jú kan tó fi orin sí. Orin máa ń bo àṣìṣe.

Bí owó bá kéré, ẹ má gba oní-fídíò fún gbogbo ọjọ́. Ẹ gba kámẹ́rà kan fún wákàtí tí ìfilọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ alága yóò wáyé, kí fóònù máa ya ìyókù: àwọn àlejò tó ń wọlé, àwọn oníbàárà tó ń tọ́ ọjà wò, fídíò olóòró tí TikTok àti Instagram ń fẹ́. Níbẹ̀ gan-an ni fóònù ti wúlò, ẹ yan ẹnì kan sídìí rẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ sí owó rárá, ẹ ra máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ, ẹ gbé fóònù lé orí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nítòsí pèpéle, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ kọ gbogbo àdéhùn sílẹ̀: ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò jáde, ẹni tó ni fídíò náà, àti pé ẹ̀yin náà yóò gba ojúlówó fídíò tí wọn kò tíì gé. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé a ń ya fídíò, nítorí òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 ka ojú ènìyàn mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ lò bó ṣe wù wá. Owó tó ṣẹ́ kù, ẹ má san án títí ẹ ó fi so háàdì dísìkì tí wọ́n kó fídíò náà sí mọ́ kọ̀ǹpútà tiyín, tí ẹ ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ alága láti orí dé ìdí.